Láti 'Mo Wẹ̀' dé 'Mi Lavo': Ọ̀rọ̀-Ìṣe Apadàsólùwà Èdè Ítálì Nínú Ìtọ́jú Ara Ojoojúmọ́

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe èdè Ítálì tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ara: wíwẹ̀, fífọ eyín, fífá irùngbọ̀n, yíya irun àti wíwọ aṣọ. Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń ṣe lórí wọn kò ti inú èdè Yorùbá wá. Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ṣe àlàyé fún un ni wọ́n ti wá. A ó fi àpẹẹrẹ hàn pé gbólóhùn Yorùbá sún mọ́ ti Ítálì ju bí a ti rò lọ, a ó sì tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà ti pín ní tòótọ́.

Ìfáárà

Láti ọdún 2010 ni òfin ilẹ̀ Ítálì ti ń béèrè pé kí àlejò tí ó bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ pípẹ́ fi hàn pé òun gbọ́ èdè ibẹ̀ dé ipele A2. Ní ọdún 2018, wọ́n tún fi kún un pé ẹni tí ó bá ń béèrè fún ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú nípa ìgbéyàwó tàbí nípa ọdún tí ó ti lò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ipele B1. Inú ìlànà ìdíwọ̀n èdè tí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 ni a ti mú àwọn ipele wọ̀nyí. Bí ènìyàn bá sì ṣí ìwé ẹ̀kọ́ Ítálì tí a ṣe fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ kan ẹ̀kọ́ kan tí ó dá lórí ohun tí ènìyàn ń ṣe láti ìgbà tí ó bá jí títí di ìgbà tí ó bá jáde nílé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọsẹ̀.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe èdè Ítálì ni a ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wa. Faransé ni a mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà, èyí ni Látìn, ni ó bí àwọn èdè méjèèjì, ohun tí a ó sì sọ níhìn-ín yóò wúlò fún olùkọ́ Faransé pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní dúró ṣe àfiwé yẹn.

Robert Lado, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1957, gbà pé ibi tí èdè abínibí bá ti yàtọ̀ sí èdè tuntun ni ìṣòro akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà. A kò bá a jiyàn. Ohun tí a ń béèrè ni pé: èdè wo ni a ń fi wé èdè tuntun náà nínú kíláàsì wa? Ìwé tí a ń lò, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ṣe àlàyé. Olùkọ́ pàápàá, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá a di ẹni tí ó ń gba ojúde onílé mìíràn kọjá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ gan-an ni ọ̀nà wà. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun tí ó ṣeé ṣe fún ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò yẹ kí ó ṣòro fún gírámà èdè àjèjì.

Ààyè àbọ̀ tí ó ṣófo

Kí a tó dé Ítálì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé.

(1) a. Mo wẹ̀.
b. Mo wẹ ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó wà nínú gbólóhùn méjèèjì. Ohùn ìsàlẹ̀ orí *wẹ̀* di ohùn àárín nínú (1b) nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Bí a bá fi arọ́pò-orúkọ dípò *ọmọ náà*, ohùn ìsàlẹ̀ yóò padà sí àyè rẹ̀: *Mo wẹ̀ ẹ́*. Ní (1a), kò sí àbọ̀ kankan, síbẹ̀ kò sí Yorùbá tí yóò béèrè pé ta ni ẹni náà wẹ̀. Ààyè tí ó ṣófo yẹn ni ó ń sọ fún wa pé ara olùwà ni ìṣe náà padà sí. Bákan náà ni *jí* ṣe rí: *Mo jí* yàtọ̀ sí *Mo jí ọmọ náà*, kò sì sí ohun mìíràn tí ó fi ìyàtọ̀ yìí hàn ju pé àbọ̀ wà tàbí kò sí.

Èdè Ítálì kì í jẹ́ kí ààyè yìí ṣófo.

(2) a. Mi lavo. (Mo wẹ̀.)
b. Lavo il bambino. (Mo wẹ ọmọ náà.)

Bí ènìyàn bá sọ pé *Lavo* lásán, olùgbọ́ yóò máa retí ohun tí ó ń fọ̀, bóyá abọ́ ni, bóyá aṣọ ni, bóyá ọkọ̀. *Mi* inú (2a) ni ó ń dí ààyè náà. Arọ́pò-orúkọ ni, ẹni kan náà ni òun àti olùwà sì ń tọ́ka sí. Nítorí èyí ni a ṣe pe irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀-ìṣe apadàsólùwà nínú iṣẹ́ yìí. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè, *-si* ni a máa ń rí ní ìparí wọn: *lavarsi* (wẹ̀), *svegliarsi* (jí), *alzarsi* (dìde), *pettinarsi* (yarun), *radersi* (fárùngbọ̀n), *vestirsi* (wọṣọ), *spogliarsi* (bọ́ṣọ), *truccarsi* (kun ojú), *asciugarsi* (nura).

Bí olùwà bá ti ń yí ni arọ́pò-orúkọ náà ń yí:

(3) mi lavo (mo wẹ̀)
ti lavi (o wẹ̀)
si lava (ó wẹ̀)
ci laviamo (a wẹ̀)
vi lavate (ẹ wẹ̀)
si lavano (wọ́n wẹ̀)

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe àkíyèsí pé kò sí arọ́pò-orúkọ olùwà nínú (3). Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ti tó láti fi olùwà hàn, nítorí náà *mi* kì í ṣe *mo*. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rí *mi lavo* kí ó sì rò pé *mi* ni *mo*, *lavo* ni *wẹ̀*. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú, àgàgà nígbà tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ní *mi*, ṣùgbọ́n àbọ̀ ni *mi* Ítálì níbí, ó kàn ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Olùkọ́ tí ó bá fi *sveglio il bambino* (mo jí ọmọ náà) sí ẹ̀gbẹ́ *mi sveglio* (mo jí) lórí pátákó yóò ti yanjú rẹ̀. *Mi* kò sí nínú ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ èmi náà ni mo jí ọmọ.

Kì í ṣe iwájú nìkan ni arọ́pò-orúkọ yìí ń gbé. Nínú gbólóhùn àṣẹ, ẹ̀yìn ni ó máa ń lẹ̀ mọ́: *lavati!* (wẹ̀!), *lavatevi!* (ẹ wẹ̀!). Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bíi *devo* (mo gbọ́dọ̀) bá ṣáájú, a lè sọ *devo lavarmi*, a sì lè sọ *mi devo lavare*. Ìtumọ̀ kan náà ni. Kíyè sí *lavati* yìí dáadáa. Bí a bá fi agbára pe sílébù àkọ́kọ́, àṣẹ ni: 'wẹ̀!' Bí a bá fi agbára pe sílébù kejì, ó di 'àwọn tí a ti wẹ̀'. Àkọtọ́ Ítálì kì í sì fi ìyàtọ̀ náà hàn. Àwa tí a ń fi àmì ohùn sí orí *wẹ* àti *wẹ̀* kò ní pẹ́ lóye irú nǹkan báyìí.

Ọwọ́ ta ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù lọ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù lọ. Bí a bá dárúkọ ẹ̀yà ara tí a tọ́jú, Ítálì kì í fi ọ̀rọ̀ oníǹkan sí i:

(4) a. Mi lavo le mani. (Mo fọwọ́.)
b. Mi lavo i denti. (Mo fọ eyín.)
c. Mi lavo la faccia. (Mo bọ́jú.)
d. Mi taglio le unghie. (Mo gé èékánná.)
e. Mi faccio la barba. (Mo fárùngbọ̀n.)

*Le mani* ni 'àwọn ọwọ́ náà', kì í ṣe 'ọwọ́ mi'. *Mi* tí ó ṣíwájú ti sọ ẹni tí ó ni ọwọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa kọ *Lavo le mie mani*. Gírámà gbólóhùn yìí kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ítálì kì í sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ nípa ọwọ́ tí ó fọ̀ kí ó tó jẹun. Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ ti rí *mie*, ìyẹn 'tèmi', yìí? Kì í ṣe nínú Yorùbá. Wo Yorùbá inú àkámọ́ ní (4) lẹ́ẹ̀kan sí i. *Mo fọwọ́, mo bọ́jú, mo gé èékánná*: kò sí *mi* oníǹkan nínú ọ̀kankan wọn, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé ojú aládùúgbò ni mo bọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń fi dandan lé e pé kí a sọ pé 'tèmi' ni. Ọmọ tí ó ti ń sọ *mo fọwọ́* láti kékeré ni a wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ pé kí ó fi oníǹkan sí i, tí a sì tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì kan náà ṣàlàyé fún un pé kí ó yọ ọ́ kúrò. Nínú kíláàsì tí a ti ń kọ́ni, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni a máa ń lò lórí (4) bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti *mo fọwọ́*.

(4b) tún ní ẹ̀bùn kan fún wa. Gẹ̀ẹ́sì sọ pé a ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo eyín, ṣùgbọ́n fífọ̀ ni Yorùbá ń fọ eyín, fífọ̀ náà sì ni Ítálì ń fọ̀ ọ́: *lavarsi i denti*. Ẹni tí ó ń lo pákò àti ẹni tí ó ń lo búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni yóò gbà wọ́n.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ẹ̀yà ara ẹlòmíràn ni a tọ́jú ńkọ́? Ítálì yóò yí arọ́pò-orúkọ padà, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà:

(5) a. Gli taglio le unghie. (Mo bá a gé èékánná: ọkùnrin.)
b. Le taglio le unghie. (Mo bá a gé èékánná: obìnrin.)

Yorùbá náà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ya ẹni tí ó ni ara sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yà ara náà, *bá* ni ó sì máa ń lò. *Mo bá a gé èékánná* kò sọ pé èékánná *rẹ̀*, síbẹ̀ a mọ̀. A gbà pé *bá* lè túmọ̀ sí ìrànlọ́wọ́ lásán, tí èékánná sì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, ìtumọ̀ tí a ń wí yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Nínú (5b), *le* méjì ni ó wà. Ti àkọ́kọ́ ni arọ́pò-orúkọ, ti èkejì sì ń bá *unghie* rìn. Kí olùkọ́ fi ẹfun aláwọ̀ méjì kọ wọ́n.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó tọ́jú mi, àwọn èdè méjèèjì tún pàdé. *Mi taglio i capelli* lè jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo gé irun, ó sì lè jẹ́ pé mo lọ sí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. *Mo gẹrun* rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Obìnrin tí ó sọ pé *mo fẹ́ lọ dirí*, ọ̀dọ̀ onídìrí ni ó ń lọ, òun kọ́ ni yóò di í. Bí Ítálì bá fẹ́ là á mọ́lẹ̀ pé ẹlòmíràn ni ó ṣe é, *mi faccio tagliare i capelli* ni yóò sọ, ìyẹn ni pé 'mo ní kí wọ́n gé irun fún mi'.

Ibi tí 'ara' wọ̀ ọ́

Ẹni tí ó bá ti ka gírámà Yorùbá yóò béèrè pé: *ara* ńkọ́? Ṣé kì í ṣe *ara mi, ara rẹ, ara rẹ̀* ni a fi ń sọ pé ìṣe padà sí olùwà? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ìtọ́jú ara ojoojúmọ́. Nínú *nura, para, múra*, *ara* wà níbẹ̀, ó ti wọnú ọ̀rọ̀-ìṣe, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ 'ara' gan-an tí a fi ọwọ́ kàn. *Múra* sún mọ́ *prepararsi* Ítálì débi pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé *mú* àti *ara* ni ó di *múra* kò ní gbàgbé *si* mọ́. Bí *ara* bá dá dúró tí oníǹkan sì tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ti yí. *Ó fi òrí para* ni ẹni tí ó fi òrí pa awọ ara rẹ̀ kí ó má baà hàn. *Ó pa ara rẹ̀* kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ́jú mọ́, ọ̀rọ̀ ẹkún ni.

Nítorí náà, kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ìlànà tí ó rọrùn jù, èyí tí ó sọ pé 'ibi tí ẹ bá ti rí *mi* Ítálì, ẹ fi *ara mi* sí i'. Ó bá *mi guardo allo specchio* mu, nítorí *mò ń wo ara mi nínú dígí* ni. Kò bá *mi lavo* mu. *Mo wẹ ara mi* kò dán mọ́rán létí, àfi bí a bá ń ṣe ìyàtọ̀: *mo wẹ ara mi kí n tó wẹ ọmọ*. Ítálì náà ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún irú ìyàtọ̀ yẹn, *lavo me stesso*, kò sì ní sọ ọ́ lásán.

Ìjàǹbá ni Yorùbá ti yàgò pátápátá. Ẹni tí ó ń fárùngbọ̀n tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde yóò sọ ní Ítálì pé *mi sono tagliato*, bí ẹni pé òun ni ó gé ara rẹ̀. Yorùbá yóò sọ pé *abẹ gé mi*. Abẹ ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí, tí ó sì túmọ̀ *mi sono tagliato* sí *mo gé ara mi*, yóò dẹ́rù ba àwọn ará ilé rẹ̀.

Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ìṣe òwúrọ̀ ni *mi* ń bá rìn. *Faccio la doccia* (mo wẹ̀ lábẹ́ omi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀) àti *mi faccio la doccia* ni a ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n *faccio colazione* (mo jẹun àárọ̀) kì í ní *mi*.

Ìṣòro tòótọ́: ohun tí a ṣe lánàá

Ní àsìkò tí ó ti kọjá ni ọ̀nà ti pín. *Ho lavato il bambino* ni 'mo wẹ ọmọ náà', *ho* sì jẹ́ láti inú *avere* (ní). Bí ó bá jẹ́ pé olùwà wẹ ara rẹ̀, *avere* kò gbọdọ̀ yọjú, *essere* (jẹ́) ni yóò gba ipò rẹ̀: *mi sono lavato*. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ *mi ho lavato* tún ti gba ojúde Gẹ̀ẹ́sì kọjá, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń lo 'ní' fún gbogbo rẹ̀. Yorùbá kò lo *ní* tàbí *jẹ́* níbẹ̀, nítorí náà kò ṣì í lọ́nà, kò sì ràn án lọ́wọ́.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni Yorùbá kò ní rárá. Ọkùnrin yóò sọ *mi sono lavato*, obìnrin yóò sọ *mi sono lavata*. Àwọn ọkùnrin yóò sọ *ci siamo lavati*, àwọn obìnrin *ci siamo lavate*. Bí ó bá jẹ́ ogún obìnrin pẹ̀lú ọkùnrin kan ṣoṣo, *lavati* ni gbogbo wọn yóò dà. (Àwa kọ́ ni a ṣe òfin náà.) Èdè tí ó fi *ó* kan náà pe bàbá àti ìyá kò lè pèsè ìrànlọ́wọ́ kankan níbí. Ìdárayá lemọ́lemọ́ nìkan ni ó kù, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí olùkọ́ ná àkókò tí ó ti rí fi pamọ́ lórí (4).

Ọ̀wọ̀ àti 'si'

Kò yẹ kí a kọ́ ọmọ Yorùbá ní èdè kan láìsọ bí yóò ti bá àgbà sọ̀rọ̀. Yorùbá ń lo *ẹ* ọlọ́pọ̀ fún ẹni kan tí a bọ̀wọ̀ fún. Ítálì òde òní ń lo *Lei*, tí ó jẹ́ ẹni kẹta ẹyọ. Nítorí náà, *Aago mélòó ni ẹ máa ń dìde, mà?* kò ní jẹ́ *vi alzate*. *A che ora si alza, signora?* ni yóò jẹ́. *Voi* fún ẹni kan wà láyé àtijọ́, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan ní gúúsù ilẹ̀ náà di òní. Ní ọdún 1938, ìjọba Mussolini tilẹ̀ gbìyànjú láti fi *Voi* rọ́pò *Lei* tipátipá. Ogun kásẹ̀ nílẹ̀, *Lei* sì padà sáyè rẹ̀.

Àyọkà fún kíláàsì

A ṣe àyọkà yìí fún ìlò nínú kíláàsì:

*Mi sveglio alle sei, ma mi alzo alle sei e mezzo. Mi lavo la faccia, mi lavo i denti e mi pettino. Mio fratello si fa la barba mentre io sveglio la bambina. Le lavo il viso e le metto le scarpe. Poi ci vestiamo in fretta e facciamo colazione. Usciamo alle otto.*

Ní Yorùbá: Aago mẹ́fà ni mo máa ń jí, ṣùgbọ́n ó di aago mẹ́fà ààbọ̀ kí n tó dìde. Mo máa ń bọ́jú, mo máa ń fọ eyín, mo sì máa ń yarun. Àbúrò mi ọkùnrin a máa fárùngbọ̀n nígbà tí èmi bá ń jí ọmọ náà. Mo máa ń bá a bọ́jú, mo sì máa ń wọ bàtà fún un. Lẹ́yìn náà ni a ó sáré wọṣọ, tí a ó sì jẹun àárọ̀. Aago mẹ́jọ ni a máa ń jáde.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wá ibi tí *sveglio* ti wà láìní *mi*, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ ní Yorùbá. Kí ó sọ ẹni tí *le* ń tọ́ka sí nínú *le lavo il viso*, àti ìdí tí *bá* fi wọ inú ìtumọ̀ rẹ̀. Yóò béèrè bí a ti mọ̀ pé àbúrò ni *fratello*. A kò mọ̀. Ítálì kò sọ, Yorùbá ni ó fi agbára mú wa yàn.

Lẹ́yìn èyí, kí ó sọ àyọkà náà di ti àná, kí ó sì fi obìnrin ṣe ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *mi sono svegliata, mi sono alzata*. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, *ho svegliato la bambina* àti *le ho lavato il viso* ni yóò kọ, nítorí ara ẹlòmíràn ni ìṣe náà lọ. Bí ó bá sì dé ibi tí gbogbo wọn ti wọṣọ, *ci siamo vestiti* ni, kì í ṣe *vestite*, nítorí arákùnrin rẹ̀ wà láàárín wọn.